Ọjọ́ Tí Wọ́n Sọ Àdúgbò Wa Di Ọjà

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù, Alápẹ̀rẹ̀ ní Ketu, nílùú Èkó, ni èmi àti ìyàwó mi yálé gbé sí. Mo ti bá wọn daṣẹ́ sílẹ̀ rí ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan, mo sì rò pé mo ti mọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi ń ta èèyàn. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi.

Àwọn tó ń gé irin kó kúrò ní Owódé Onírin, wọ́n gba ilẹ̀ kan ní òpópónà wa. Láti ìdájí títí di àṣálẹ́ ni ẹ̀rọ wọn ń ké. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà sì ti kìlọ̀ pé bí kò bá rí oorun sùn, òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ẹ̀mí rẹ̀. Nítorí oorun rẹ̀ ni mo ṣe wọ ìjà náà.

Daddy Ṣówándé, alága àwọn onílé, ló ṣáájú wa. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu wọn. Wọ́n mú mi lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ká lè fi òfin ariwo tiwọn wé tiwa. Ohun kan náà la gbọ́ ní ìlú méjèèjì: ariwo tí òfin gbà láyè níbi tí èèyàn ń gbé kéré sí èyí tó gbà níbi ìtajà. A gbé e lọ bá ìjọba nílé. Òṣìṣẹ́ tó dá wa lóhùn ní òfin Èkó náà kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ṣé ibùgbé ni tiwa? Ó ní iwájú ilé wa ti di ṣọ́ọ̀bù tán. Òótọ́ ló sọ. Bí onílé bá ti ní yàrá tó kọjú sí títì ní Ketu, yóò fọ́ fèrèsé rẹ̀, yóò sọ ọ́ di ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ni Daddy Ṣówándé bá pe ìpàdé. Wọ́n ní kí gbogbo wa ti ṣọ́ọ̀bù pa kí àwọn tó ń bọ̀ wá wọn ariwo tó dé. Télọ̀ tì, onígbàjámọ̀ tì. Ìyàwó mi tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní yàrá iwájú kó ọjà rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn, bíríkìlà sì fi búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà náà.

Nígbà tí àwọn ìjọba dé, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan sójú títì, wọ́n bi alága léèrè irú àdúgbò tí ibẹ̀ jẹ́. Daddy Ṣówándé tún fìlà ṣe.

"Àdúgbò ìtajà ni. Ó ti pẹ́."

Mo ṣe bí wọ́n ṣìsọ ni, títí wọ́n fi na ọwọ́ sí iwájú ilé tiwọn. Ilẹ̀kùn irin tuntun ti wà níbẹ̀, àwọn agérin tí wọ́n ti fi ibẹ̀ háyà fún sì ń kó ẹrù wọlé. Bí a ṣe ti tiwa tán, ṣọ́ọ̀bù Daddy Ṣówándé nìkan ló kù ní òpópónà náà. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

"Daddy, ẹ̀yin lẹ ní ká tì í."

Wọ́n fọwọ́ lé mi léjìká. "Ọmọ mi, ayálégbé ni ẹ́. Onílé ni mí. Ọ̀rọ̀ wa ò lè dọ́gba." Àwọn onílé yòókù sì gbè wọ́n lẹ́yìn.

Àwọn ìjọba ní ariwo náà kò ju ti ibi ìtajà lọ, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Láti ọjọ́ náà, n kò pe Ṣówándé ní Daddy mọ́.

Ìyàwó mi lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ṣágámù, kó lè rí oorun sùn. Ibẹ̀ ló kú sí, n kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣówándé ti kó lọ sí Abẹ́òkúta, sí àdúgbò tí kò sí ariwo.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń bi mí pé kí la rí jẹ nínú ìjà yẹn. Àwa ayálégbé dá ẹgbẹ́ tiwa sílẹ̀, onílé kan kò sì gbẹnu sọ fún wa mọ́. Èrè kékeré nìyẹn, mi ò sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí wọ́n jẹ mí. Mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn onílé yẹn jókòó tì mí, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn tà wá. Títí di òní, ẹnikẹ́ni ò tíì wá.