Fóòmù Ọkọ̀ Bàbá Wa

Ọdún tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú bàbá wa ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tú ọkọ̀ ojú omi wọn palẹ̀. Ọkọ̀ alumíníọ̀mù àtijọ́ ni. Òun ni Bàbá fi ń kó èrò láti etí omi Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí òdìkejì ọ̀sà kí ara wọn tó kọ̀. Ó pẹ́ tí ọkọ̀ náà ti ń wúwo. Bàbá rò pé ẹ́ńjìnnì ló gbó, wọ́n ra òmíràn, ìyẹn náà kò yàtọ̀.

Ìgbà tí a ṣí pákó ìsàlẹ̀ ọkọ̀ la rí ìdí ọ̀rọ̀. Fóòmù tó yẹ kó mú un léfòó ti mumi yó bíi kànìnkànìn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ fún ègé kan, omi dúdú tó ń rùn dà sí i lẹ́sẹ̀.

Orí àga oníke ni Bàbá jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọwọ́ òsì wọn kàn wà lórí itan ṣáá. Ọ̀rọ̀ wọn kò dá ṣáká mọ́, èmi ni mo ń gbọ́ ọ jù.

"Kí ni wọ́n wí?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Wọ́n ní ká má kàn pààrọ̀ fóòmù. Wọ́n ní omi kò rí ọ̀nà jáde."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìdọ̀tí ti dí àwọn ihò tó yẹ kí omi gbà sàn lọ sẹ́yìn ọkọ̀. A ha á kúrò, a fẹ àwọn ihò náà sí i, a wá gé fóòmù tuntun tí kì í mumi, a sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bàbá ń wò wá. Nígbà mìíràn wọ́n á na ọwọ́ ọ̀tún bíi pé wọ́n fẹ́ gba ọ̀bẹ, wọ́n á tún gbé e sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a tì í sómi, ó fúyẹ́. A gbé Bàbá wọ̀ ọ́, a wà á díẹ̀ kúrò létí omi. Wọ́n fẹ́ di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn náà kò ká.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín dì í mú," ẹ̀gbọ́n mi wí.

Wọ́n mi orí. Omi lé ròrò lójú wọn.

"Ẹ gbé mi lọ sílé."

Láti ọjọ́ náà, wọn kò béèrè ọkọ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á kọjú sí ògiri. Kí Iléyá tó dé, ọlọ́jọ́ dé, Bàbá papòdà.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wa ọkọ̀ náà báyìí, èrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní tèmi, bí mo bá ń lọ sí òdìkejì ọ̀sà, bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀.