Orin Ọmọ Mi ní Ilé Ọtí Becontree

Inú ń bí mi títí di òní, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí.

Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ló ń ta gìtá, òun àti àwọn ọmọ òyìnbó mẹ́ta. Orin kọ́ńtírì ni wọ́n ń kọ, irú èyí tí bàbá mi máa ń gbọ́ lórí rédíò ní Ìjẹ̀bú, àmọ́ gìtá tiwọn a máa dún bí ìgbà tí èèyàn ń ha ìdí ìkòkò. Láti ilé ọtí kan sí òmíràn nílùú òyìnbó níbí ni wọ́n ń kiri. Èmi náà ti kiri ọjà rí, ẹnu mi ò gbà á láti bú wọn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá sí ilé ọtí Becontree lónìí o. Mo fẹ́ kọ orin tí mo fúnra mi ṣe. Tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ò bá gbọ́ ọ, mi ò kọ ọ́ mọ́ láéláé."

Bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ká sùtánà mi sínú báàgì, ó di ilé ọtí. Omi ọsàn ni mo rà, kí áńgẹ́lì má baà fẹjọ́ mi sùn.

Ẹ wá wo ìwọ̀sí! Bọ́ọ̀lù ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn géńdé ń pariwo, ọmọ mi ń kọrin níwájú wọn bí ẹni pé fáànù ló ń yí lókè. Onílé ọtí tún lọ bá a: "Orin tá a mọ̀ ni kí ẹ kọ, àbí kí ẹ palẹ̀ mọ́." Ọmọ mi ní ó ku ẹyọ kan, tòun. Onílé ọtí ní rárá. Ni mo rí i tó ń bọ́ gìtá lọ́rùn.

Mo dìde. Gẹ̀ẹ́sì mi kò pọ̀, àmọ́ ó tó bú èèyàn. Ohùn tí mo fi ń polówó ata ní ọjà Barking ni mo fi ké: "Ẹ panu mọ́! Ṣé ẹnu ni wọ́n fi ń gbọ́rọ̀ nílé tí wọ́n bí yín sí ni?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Apárí kan ní, "Obìnrin yìí, kí ló kàn ọ́?"

"Ọmọ mi ló kàn mí. Mu bíà rẹ!"

Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ mi kò wojú mi, ó kọrin rẹ̀. Gbogbo ilé ọtí gbọ́ ọ ketekete: ìyá kan ní Becontree, tó ń pariwo láti àárọ̀ dalẹ́, tí ọmọ rẹ̀ kò ráyè sọ̀rọ̀. Apárí yẹn ló pàtẹ́wọ́ jù, èmi ló sì ń wò. Onílé ọtí ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n tún un kọ.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo ní, "Ṣé èmi lo fi ń kọrin?"

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ rọra, gbogbo bọ́ọ̀sì ń gbọ́ yín."