Wọ́n Ní Ọkọ Mi Ló Ń Nà Mí

Mo ń ṣe àlùwàlá ìrun àsárì lẹ́yìn ìsọ̀ tí mo ti ń ta aṣọ ní Àbújá. Mo fi omi yọ ẹnu, mo tu ú sílẹ̀, ó pupa. Mo bu òmíràn, ó tún pupa. Ẹnu kò dùn mí, eyín kan kò sì mì. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àpá dúdú yọ sí mi ní apá, ní itan àti ní ẹ̀yìn, níbi tí ohunkóhun kò ti gbá mi. Àmì pupa wẹ́wẹ́ bo ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí wọ́n fi orí abẹ́rẹ́ gún un. Àwọn aládùúgbò wa ní Karu kò sọ nǹkan kan lójú mi, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo ọkọ mi, Ràṣídì, tìkà-tẹ̀gbin. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, Búrọ̀dá Sàlíù, dé láti Ìlọrin tó rí apá mi, kò tilẹ̀ jókòó.

"Ràṣídì, ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nìyí?"

Èmi ni mo ní, "Búrọ̀dá, mo fi Ọlọ́run búra, kò fọwọ́ kàn mí."

"Gbogbo obìnrin tí wọ́n ń nà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́."

Bí mo ṣe dìde, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà ní imú mi. A fi tówẹ̀lì dí i, tówẹ̀lì rin gbingbin. Àwọn méjèèjì tó ń bínú síra wọn ni wọ́n jọ gbé mi wọ mọ́tò.

Ní ọsibítù, dókítà kan, obìnrin tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, ṣàlàyé fún wa. Ó ní àwọn èròjà kéékèèké kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dí ojú ibi tó bá fẹ́ jò. Pílétílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè wọ́n. Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí Ọlọ́run fi sínú ara kí wọ́n lè bá àrùn jà ló kà wọ́n sí ọ̀tá, tí wọ́n ń pa wọ́n run. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jò lábẹ́ awọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lù mí. Búrọ̀dá gbọ́ ọ, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀.

Oògùn oníhóró ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Ojú mi wú, oorun dá lójú mi, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Nǹkan oṣù mi dé, kò lọ mọ́. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, ó tún gba ìsàlẹ̀ lọ. Àmínà ọmọ mi pè mí lórí fóònù: "Mọ́mì, ìgbà wo lẹ máa wálé?" Mo ní kò ní í pẹ́, mo sì kọjú sí ògiri. Èmi fúnra mi kò gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni dókítà sọ pé àwọn ń dán ìtọ́jú kan wò lára àwọn àgbàlagbà tó ní irú àìsàn yìí. Ìmúnoglóbúlìn lorúkọ rẹ̀: èròjà ààbò tí wọ́n yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n ń fà sínú iṣan. Bó bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn lè gbájú mọ́ ọn, kí wọ́n fi pílétílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn sílẹ̀.

"Ṣé yóò wò mí sàn?"

"Mi ò lè ṣèlérí, mà. A ṣì ń dán an wò ni. Tẹ́ ẹ bá sì kọ̀ ọ́, a ò ní torí ẹ̀ pa yín tì."

Mo gbà. Kì í ṣe ìgboyà. Ibi tí mo lè sá sí ló tán.

Bí omi oògùn náà ṣe ń kán wọlé, òtútù mú mi títí ibùsùn fi ń mì. Orí ń fọ́ mi bí ẹni pé yóò là, mo bì, mo ń bẹ nọ́ọ̀sì pé kó yọ ọ́. Nọ́ọ̀sì dín bó ṣe ń kán kù. Ọkọ mi di orí mi mú, Búrọ̀dá di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń sunkún.

"Ràṣídì, ẹ̀sùn èké ni mo fi kàn ọ́. Forí jì mí."

"Ẹ ṣáà bá mi bẹ Ọlọ́run, Búrọ̀dá."

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ dá. Pílétílẹ́ẹ̀tì mi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó tún já wálẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀rù tún bà wá, wọ́n tún fa ìmúnoglóbúlìn sí mi. Látìgbà náà ó dúró, ṣùgbọ́n mo ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò, mi ò sì lè búra fún ọ̀la.

Bí o bá rí àpá tí o kò mọ ìdí rẹ̀ lára rẹ, lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Mo ti bínú rí sí ara tí Ọlọ́run fún mi yìí pé ó dà mí. Nísinsìnyí mo ń kẹ́ ẹ bí ọmọ tó ṣi ọ̀nà tó sì padà wálé. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí mi ò mọ̀ rí ló bá mi pè é padà. Mi ò mọ orúkọ wọn, mi ò mọ èdè wọn, ṣùgbọ́n wọ́n wà nínú àdúà mi: Ọlọ́run, àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ fún ẹni tí wọn kò rí, má jẹ́ kí tiwọn jò dànù.