Ìyá Aránṣọ Kò Gbà Pé Ajá Òun Ti Lọ

Etí Ìyá Aránṣọ ti di láti ìgbà tó ti pé ọmọ ogójì ọdún. Oníbàárà lè kanlẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó, kò ní gbọ́. Ajá rẹ̀ ló ń bá a gbọ́. Bí ẹnìkan bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ajá pupa kékeré yìí á dìde lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, á fi imú ti ọ̀gá rẹ̀ lórúnkún. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tó wá kun ilé lọ́dà fi géètì sílẹ̀ gbayawu. Àkàbà rẹ̀ ṣubú gbàgà, ajá sì ki eré mọ́lẹ̀. Ìgbà tí Ìyá Aránṣọ máa fi gbójú sókè, abẹ́ ẹ̀rọ ti ṣófo.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá kí i lọ́jọ́ kejì. Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún un pé: “Ajá lásán ni. Màá ra òmíràn fún ẹ.”

“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi,” ni ìyá náà fèsì. “Tó bá jẹ́ etí tiyín ló sọnù, ṣé ẹ máa ra òmíràn?”

Ó ní kí wọ́n tẹ àwòrán ajá náà jáde ní ẹ̀dà ọgbọ̀n, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ má lé e, ẹ má pè é, ojo ni. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, mi ò lè gbọ́ ìpè.” Ó lẹ̀ ẹ́ káàkiri àdúgbò. Bàbá onílé ya èyí tó wà lára ògiri rẹ̀. Ìyá Aránṣọ lẹ òmíràn. Bàbá tún ya á, ìyá tún lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, bàbá já wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ẹnu rẹ̀ ń lọ wìrìwìrì. Ìyá náà ò gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

“Bàbá, mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú ẹ̀ o. Ẹ lọ kọ ọ́ wá.”

Láràárọ̀, ó ń gbé omi àti bùbá rẹ̀ tí kò tíì fọ̀ lọ sí ìkóríta tí wọ́n ti rí ajá náà kẹ́yìn, kí ajá náà lè gbóòórùn òun. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ó rí eyín wọn, ó ń bá tiẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé: ajá pupa kan wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó ti bàjẹ́ lẹ́yìn ilé ìlagi, ó ń tiro. Ìyá Aránṣọ fi apá kan aṣọ ìyàwó sílẹ̀ láìrán, ó sáré débẹ̀. Àwọn alagi ti mú okùn àti igi dání, wọ́n yí ọkọ̀ náà ká.

“Ẹ sún sẹ́yìn!” ló pariwo. “Ẹni tó bá tún gbẹ́sẹ̀ kan sí i, èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ máa fà á!”

Géńdé márùn-ún ló sún sẹ́yìn fún un. Ó jókòó sílẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ọkọ̀, kò pe ajá, kò sì wẹ̀yìn. Oòrùn ń ta á lórí fún bíi wákàtí kan kí imú tútù kan tó kan apá rẹ̀. Ajá náà ti rù gan-an, egungun ló gbé mọ́ra. Ibẹ̀ ló ti sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ó fi àjákù aṣọ rán ọ̀já ọrùn fún ajá náà, ó fi òwú pupa kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Ó rán irú ẹ̀ fún gbogbo ajá àti ológbò àdúgbò, olówó wọn fẹ́, olówó wọn kọ̀. Ẹsẹ̀ ajá náà kò san tán. Oníbàárà kan kọ ọ́ sínú ìwé pé ajá atiro kò yẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Aránṣọ ká aṣọ rẹ̀ fún un láìtíì gé e, ó sì nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà.