Ọjọ́ Tí Bàámi Jókòó Gbọ́ Orin Rọ́ọ̀kì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àgọ́-Ìwòyè, tí wọn ò tíì gbà kí n fọwọ́ kan bọ́tìnnì tẹlifíṣọ̀n, mo ti ní èrò tèmi lórí gbogbo ohun tó ń jáde nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ ó rántí eré ìrọ̀lẹ́ Sunday, tí gbogbo ará ilé á kóra jọ sí pálọ̀. Bí eré bá ti ń dùn, èmi á ní, "Obìnrin yìí ò mọ ẹkún sun. Ojú ẹ̀ gbẹ." Màámi á ní kí n lọ kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti máa ń wo ìyókù. Títí dòní, mi ò yí ohùn padà: ojú obìnrin yẹn gbẹ.

Télọ̀ ni Bàámi. Ó fi yàrá kan lẹ́yìn ilé háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, Bùrọ̀dá Dípò, ọmọ Iléṣà. Kásẹ́ẹ̀tì orin rọ́ọ̀kì kún páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀wà ni mò ń ṣà lábẹ́ fèrèsé ẹ̀. Gìtá iná yẹn han gooro bí ẹni tí ata ta sí lójú, lẹ́yìn náà ó rọ̀ wọ̀ọ̀ bíi gàárì Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ nínú omi tútù. Òkúta àti ẹ̀wà ni mo dà pọ̀ sínú ìkòkò lọ́jọ́ náà. Wọ́n nà mí, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì mo ti fi agolo mílíìkì àti rọ́bà ṣe gìtá tèmi.

Màámi á ní, "Ètìrí? Kí ló dé? Ṣé wọ́n ń pa èèyàn níbẹ̀ ni?" Bàámi ò ṣe àwàdà ní tiẹ̀. Ó ní ariwo yẹn ti sú òun, kí Bùrọ̀dá kó ẹrù ẹ̀ tí oṣù bá parí. Bùrọ̀dá bẹ̀bẹ̀ títí, nítorí ìdánwò àṣekágbá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Bàámi ò gbọ́. Nígbà tí mo rí i tó ń so páálí kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ní okùn, mo fi ìkọ́kọrẹ́ tí mo fẹ́ràn jù sílẹ̀ nínú abọ́.

Bí Bàámi ṣe ti ìrun Jímọ̀ dé, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kí n kúnlẹ̀.

"Bàámi, ẹ ò tíì gbọ́ orin yẹn rí. Ẹ̀yìn ògiri lẹ ti ń gbọ́ ọ. Ẹ jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan péré. Tí ẹ bá ṣì ní ariwo ni, mi ò ní sọ̀rọ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n mọ́ títí ọdún á fi parí."

"Ẹ gbà fún un o!" ni Màámi ń ké láti ìta.

Bàámi ní kí n lọ pe Bùrọ̀dá, ó sì gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wá. Èmi ni mo yan orin. Mo ní, "Bàámi, ẹ fi ẹni tó ń kígbe sílẹ̀ ná. Èyí tó ń lọ gbì, gbì, gbì nísàlẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ gbọ́. Òun ló di gbogbo ẹ̀ mú."

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ Bàámi tó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, bẹ́ẹ̀ kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ní, "Onílù yìí mọṣẹ́." Gìtá wọlé, mo tún fẹ́ ṣàlàyé, ó nawọ́ sí mi pé kí n dákẹ́. Nígbà tí orin parí, ó kọjú sí Bùrọ̀dá.

"Dá a padà sẹ́yìn, kí n tún un gbọ́. Kó o sì dúró parí ìdánwò ẹ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ń pe ìrun, pa á."

Mo fò sókè! Mo gbé gìtá agolo mi, mo sáré yí kànga po lẹ́ẹ̀mẹta, mò ń lọgun bí àwọn olórin yẹn.

Lónìí, orin gbogbo ayé wà nínú fóònù àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ọ̀kan parí kí wọ́n tó fo sí òmíràn. Àwòrán fíìmù wa ti mọ́ kedere, síbẹ̀ orin inú ẹ̀ ṣì ń sọ fún wa ẹni tó máa kú kó tó wúkọ́. Eré alápá púpọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dáadáa, wọ́n á wá fà á gùn bíi ṣingọ́ọ̀mù. Gbogbo èyí ni mò ń sọ lórí rédíò ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́sàn-án Sátidé, tí mo sì ń fi rọ́ọ̀kì sí i láàárín.

Sátidé tó kọjá, ọmọdébìnrin kan pè láti Mákùn-Omi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, mi ò gbà. Onílù tí ẹ ń yìn yẹn ń sáré jù." Mo gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, mo rò pé ó fẹ́ gba fóònù ni. Ohun tó sọ ni pé, "Sọ ọ́ sókè dáadáa, kí wọ́n gbọ́."

Mo tún fi orin náà sí i, kí gbogbo Ìjẹ̀bú gbọ́ ọ, kí wọ́n dájọ́. Ọmọ náà jàre.