Ọkọ̀ Tó Ń Lé Ewúrẹ́ Lórí Àpáta

Ọjọ́ tí Bàbá Fúnkẹ́ gbé àpò ìrẹsì kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣakí, adìẹ ni mo rò pé ó wà nínú rẹ̀. Mo ti ń múra àtidúpẹ́. Àfi bó ṣe tú àpò náà tó fa ọkọ̀ kékeré kan jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ olówó máa ń fi rìmóòtù wà kiri àgbàlá. Kò gùn ju apá mi lọ.

"Ràṣídì," ó ní, "mo fẹ́ kí o bá mi tún un ṣe kó lè gun àpáta."

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe mẹkáníìkì. Lọ́rì tó ń kó iṣu niṣẹ́ mi, àwọn tó ń ti Àgọ́-Àrẹ bọ̀ tí wọ́n ń mí hẹlẹ bí aboyún. Mo wo ọkọ̀ yìí, mo wo bàbá. Ẹni ọ̀wọ̀ ni. Òun ló kọ́ mi ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò náà kò dúró. Mi ò lè rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Mo yíjú sí ògiri, mo rẹ́rìn-ín síbẹ̀.

Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Orí àpáta yẹn ni ìyàwó rẹ̀ ti máa ń sá iṣu tó bá bọ̀, kó lè gbẹ di èlùbọ́, títí ó fi di olóògbé. Láti ìgbà náà ni bàbá ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn obìnrin àdúgbò ló ń bá a gbé iṣu gòkè láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sóko, àmọ́ ewúrẹ́ kì í lọ sóko ní tiwọn. Bí ewúrẹ́ bá ti gorí àpáta lọ jẹ iṣu náà, bàbá á mú ọ̀pá, á gun òkè tẹ̀lé wọn. Lọ́dún tó kọjá, ó yọ̀, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ sì bàjẹ́. Fúnkẹ́, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, wá búra pé bí bàbá bá tún fi ẹsẹ̀ kan àpáta yẹn, òun máa kó o lọ sọ́dọ̀ òun, òun á sì ti ilé Ṣakí pa.

"Kí ni n ó máa ṣe ní Ìbàdàn?" bàbá bi mí. "Kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n?"

"Ẹ ò ṣe kúkú sá èlùbọ́ yín sílẹ̀, sà?"

Ó wò mí bíi pé mo bú ìyá rẹ̀. "Ṣé iyanrìn lo fẹ́ kí n máa jẹ?"

Fúnkẹ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá fẹ́ fi hàn án pé òun lè jókòó sórí àga nísàlẹ̀, kí ọkọ̀ máa gòkè lọ lé ewúrẹ́. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní èmi tí mò ń tún lọ́rì tó ń ru ẹgbẹ̀rún iṣu ṣe, kí ni ti ohun ìṣeré? Mo sọ ọ́ sókè débi pé Wàsíù fọkanáísà, tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, gbọ́. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Èkejì wá látọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Òfin kan ṣoṣo ló ní: "Gbé e sókè, mú un le." Lójú ọ̀nà tiwa, ọkọ̀ tó bá wálẹ̀ jù á máa fi ikùn gbálẹ̀, èyí tí sípíríńgì rẹ̀ bá rọ̀ á dọ̀bálẹ̀ fún iṣu. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń to irin lé irin lábẹ́ lọ́rì. Ohun tí mo ṣe fún ọkọ̀ bàbá náà nìyẹn. Mo yọ sípíríńgì tó bá a wá, mo fi èyí tó le láti ara bíréèkì ọ̀kadà àlòkù rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ náà dúró gàgàrà. Mo tilẹ̀ fi ọ̀dà kọ "Ọ̀tá Ẹ Rọra" sẹ́yìn rẹ̀, nítorí kò sí lọ́rì tó ń ti ṣọ́ọ̀bù mi jáde láìní ọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

Lọ́jọ́bọ̀, a gbé e lọ sídìí àpáta. Wàsíù tẹ̀lé wa, ẹni tí kò sẹ́ni tó pè é. Bàbá tẹ rìmóòtù. Ọkọ̀ náà fò síwájú, ó gun òkè díẹ̀, imú rẹ̀ gbé sókè, ló bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀. A gbé e dìde, ó tún ṣubú. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ewúrẹ́ kan yọjú látòkè, ó ń jẹ èlùbọ́, ó ń wò wá bí ẹni tó sanwó ìran.

"Ọ̀tá ti rọra o!" Wàsíù kígbe.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé rìmóòtù fún mi, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan lé àpáta.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ̀kalẹ̀!"

"Ràṣídì, èlùbọ́ mi ń tán lọ."

Mo di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn, èmi ọmọ iléèwé rẹ̀. Ojú tì mí gan-an. Ìjàǹbá tí Fúnkẹ́ ń sá fún ni ìfọ́nnu mi fẹ́ fà wá.

Nígbà tá a padà sí ṣọ́ọ̀bù, tí Wàsíù ti rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, ó gbé ọkọ̀ náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn.

"Lọ́rì rẹ ń ru iṣu. Kí ni èyí ń rù?"

"Kò ru nǹkan kan."

"Kí lo wá mú un le fún?"

Ó dùn mí pé fọkanáísà ló máa kọ́ mi níṣẹ́ mi, àmọ́ òótọ́ ni. Àpáta kì í ṣe ọ̀nà. Ọkọ̀ tó máa gùn ún gbọ́dọ̀ rọ̀, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa kan òkúta nígbà gbogbo. Tèmi le débi pé táyà méjì ló ń kan ilẹ̀, méjì yòókù ń jó nínú afẹ́fẹ́. Bó sì ṣe ga tó, gbogbo ìwúwo rẹ̀ ń fà á sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo dá sípíríńgì rírọ̀ padà, mo sì gbé ọkọ̀ náà wálẹ̀. Mo yọ bátìrì kúrò lẹ́yìn, mo so ó mọ́ iwájú, nísàlẹ̀ pátápátá. Mo gé lára fóòmù tó wà nínú táyà, kí táyà lè máa tẹ̀ mọ́ òkúta bí àtẹ́lẹsẹ̀. Wàsíù mú òjé wá, èyí tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ríìmù kí táyà má bàa máa gbọ̀n, a sì lẹ̀ ẹ́ sínú táyà iwájú méjèèjì. Paríparì rẹ̀, mo pààrọ̀ eyín jíà ara ẹ́ńjìnnì sí èyí tó kéré, kí eré rẹ̀ dín kù, kí agbára rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Bàbá dúró lé mi lórí pẹ̀lú ohùn tísà: "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò bá wúlò jù lọ́jọ́ kìíní.

Sátidé pé, Fúnkẹ́ dé. Ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wo bàbá rẹ̀ lórí àga pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́. Ewúrẹ́ mẹ́rin ti wà lórí àpáta.

Ọkọ̀ náà gbéra, ó ń fà díẹ̀díẹ̀. Ó dé ibi tí òkúta ti yọ gọnbu, ó dúró, táyà iwájú kan ń wá ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ lé. Bàbá fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó yí i sápá ọ̀tún, ó tún tẹ̀ ẹ́. Táyà náà tẹ̀, ó di òkúta mú, ó gòkè. Ó ṣáà ń lọ. Nígbà tó yọ sórí àpáta, ewúrẹ́ mẹ́ta bẹ́ lu ìsàlẹ̀. Òbúkọ kan dúró, ó tẹrí ba láti kàn án. Ọkọ̀ ò yà. Òbúkọ ló yà. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, inú tèmi náà sì dùn ju ọjọ́ tí mo gba òmìnira iṣẹ́ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ dúró. Bàbá tẹ̀ ẹ́ títí. Bátìrì ti kú, kò sì sí ẹni nínú wa tó ro bó ṣe máa sọ̀kalẹ̀. Òbúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Mo rí ọwọ́ bàbá tó ń wá ọ̀pá.

"Bàbá!" Fúnkẹ́ ti rí i. Ó yíjú sí mi. Mo wo ikùn mi tó yọ síwájú, òun náà wò ó. Ló bá bọ́ bàtà, ó ṣán ìró rẹ̀ le, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Kò tètè sọ̀kalẹ̀. Ó lé òbúkọ lọ, ó dúró, ó ń wo páànù gbogbo ìlú, lẹ́yìn náà ó jókòó ti èlùbọ́, ó ń fọwọ́ yí i kó lè gbẹ dọ́gba. Bàbá ní bí ìyá Fúnkẹ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ọkọ̀ wà lábíyá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n Ràṣídì," ó ní, "bátìrì yìí ò tó. Ẹ bá Bàbá wá èkejì. Mi ò lè máa ti Ìbàdàn wá gbé e sọ̀kalẹ̀."

Bàbá gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ nu táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lọ́kọ̀ọ̀kan.