Ẹni Tó Wà Lápá Ọ̀tún Mi

Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀mù-Àrán máa ń tutù bí omi inú àmù, orí rẹ̀ sì ni àwa ọmọ kíláàsì àdúrà òwúrọ̀ máa ń kúnlẹ̀ sí kí ilẹ̀ tó mọ́. A kò ní aago tó ń jí ni. Ohùn ládàánì mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ àdúgbò la fi ń mọ̀ pé àkókò tó. Bó bá ti pe àwọn tirẹ̀ sí ìrun, àwa náà á wọ bàtà. Mo rántí pé ìyà ni mo ka gbogbo rẹ̀ sí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, mo ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ìpínlẹ̀ tiwa sọ́tọ̀, ó sì dá mi lójú pé nítorí tèmi ni wọ́n ṣe gé e. Ìyá mi ló ní dandan ni kí n máa lọ sí kíláàsì náà. Ó ní bí mo bá ti kàwé tán, kí n wá fi òwúrọ̀ mi ṣe nǹkan.

Kíláàsì yìí ní òfin kan tí n kò rí níbòmíràn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbàdúrà fún ara rẹ̀. A ó jókòó yí ká, ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ ni wàá gbàdúrà fún, ṣùgbọ́n wàá kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń fẹ́, yóò sì sọ ọ́ sókè létí gbogbo èèyàn. Baba kíláàsì, àgbẹ̀ kan tó ti ń darí wọn láti ìgbà tí koríko ṣì wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì, ló ṣe òfin náà. Ó ní àwọn kan máa ń bẹ̀bẹ̀ fún ara wọn títí oòrùn yóò fi yọ, gbogbo ìjọ á sì pẹ́ dé oko.

Ìyá àgbà kan tí orúnkún ń dùn ló bọ́ sápá ọ̀tún mi. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo gba àdúrà kan tí mo ti ń tò sínú orí mi láti ìrọ̀lẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ̀dá ayé, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀ kọjá, ó sì gúnlẹ̀ sí àlàáfíà gbogbo àgbáyé. Nígbà tí mo ṣe àmín, ìyá àgbà fọwọ́ tọ́ mi.

"Ọmọ mi, o ṣeun. Orúnkún mi ńkọ́?"

Lápá òsì mi ni ọ̀rẹ́ mi tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe wà. A jọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi ń bá ìwé lọ, òun fi sílẹ̀. Òun ni yóò máa gbàdúrà fún mi.

"Tíṣà àgbà," ló wí, "kí ni kí n bá ọ sọ fún Ọlọ́run?"

"Ìpínlẹ̀ wa tuntun," ni mo dáhùn.

Baba kíláàsì wò mí. "Ìpínlẹ̀ kò jókòó síbí o. Ìwọ lo jókòó."

Mo ní ohun tí mo lè sọ. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára ìyàwó mi, ẹ̀kẹta sì ti wà níkùn rẹ̀. A ti fẹnu kò pé a kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà ìyá mi. Mo ní dókítà ní Ìlọrin, mo sì ní ìwé ẹ̀rí. Kí ló kan ẹni tó ń lẹ táyà pẹ̀lú ikùn ìyàwó mi? Nítorí náà, àràárọ̀ ni mò ń wá nǹkan mìíràn fún un. Mo ní kó gbàdúrà fún ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé. Mo ní kó gbàdúrà kí ogun tó ń jà nílẹ̀ wa parí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, mo ní kó gbàdúrà fún mọ́tò ọ̀gá iléèwé wa, tó kú sọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Tọkàntọkàn ló fi bẹ̀bẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì náà. Ó dárúkọ púlọ́ọ̀gì, ó dárúkọ bẹ́líìtì. Lọ́jọ́ kejì, mọ́tò ṣiṣẹ́. Inú bí mi pé irú àdúrà bẹ́ẹ̀ lọ sórí irin.

Nínú ọyẹ́ ọdún náà, ìyàwó mi rí ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó dùbúlẹ̀, kó má ṣe dìde títí òun yóò fi sọ pé ó tó. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ń mọ́ bọ̀, mo lọ sí kíláàsì nítorí n kò mọ ibòmíràn tí mo lè lọ. Ọ̀rẹ́ mi bi mí bó ti máa ń bi mí. Mo la ẹnu láti dárúkọ ìjọba, ohun mìíràn ló jáde.

"Ìyàwó mi lóyún," ni mo wí. "Mi ò fẹ́ kí èyí náà lọ."

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Oyún tí a ti mọ̀ látìgbà tí ìyàwó rẹ ti ń sá fún òórùn irú? À ń retí kí o sọ ọ́ ni, ó ti rẹ̀ wá."

"Ẹ ti mọ̀, ẹ ò sì gbàdúrà sí i!"

"Òfin ni kò jẹ́," ni baba kíláàsì wí.

"Níbí ni òfin wà," ni ìyá àgbà dá a lóhùn. "Nílé mi ńkọ́? Ta ló máa mú mi níbẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ mi ti kúnlẹ̀. "Olúwa," ló wí, "ọ̀rẹ́ mi nìyí. Ó máa ń gbéra ga díẹ̀, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Má wo ìyẹn. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí ọmọ yìí dúró." Wọ́n ṣe àmín, àwọn kan sì ń rẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú mi.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó jáde, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà mi, tàwọn ti ẹní lábíyá. Baba kíláàsì ní òun kò mọ bí wọn yóò ṣe máa gbàdúrà fún èèyàn tí kò sí nínú agbo. A ti bẹ́ẹ̀dì ìyàwó mi sún mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn yàrá, a sì jókòó yí ká láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé pálọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló bọ́ sápá ọ̀tún rẹ̀. Ìyàwó mi bi í ní ohun tó ń fẹ́.

"Ìyàwó tó mọ ọbẹ̀ sè, tí kò sì mọ̀wé jù," ni ọ̀rẹ́ mi wí.

"Ti ọbẹ̀ ni màá gbà," ni ìyàwó mi wí. "Èyí tó kù, kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lo gbogbo ìyókù ọyẹ́ náà. Ìyá àgbà ló máa ń dá orin, ó máa ń gbé e sókè jù, gbogbo wa á sì tẹ̀ lé e lọ sókè lọ́hùn-ún títí ohùn á fi já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi á din àkàrà, a ó fi ẹ̀kọ gbígbóná jẹ ẹ́, àwọn àgbẹ̀ á sì mú ọ̀nà oko pọ̀n. Èmi tí wọ́n ń lé jí tẹ́lẹ̀ wá ń jí ṣáájú ládàánì. N kò lè sọ pé ẹ̀rù kò bà mí mọ́. Ó ń bà mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan ló ń bà.

Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí ìyàwó mi bí obìnrin. Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé ìsọmọlórúkọ, ìyá àgbà sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì tẹ́ ọmọ náà sórí ìrọ̀rí lápá ọ̀tún mi. Wọ́n ní kí n bi í léèrè. Mo bi ọmọ mi ní ohun tó fẹ́ kí n bá a sọ fún Ọlọ́run. Ó yán. Mo bá bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí ọmọ yìí máa lè sọ ohun tó bá ń fẹ́ síta, kó má jọ bàbá rẹ̀. N kò tíì ṣe àmín tí ọmọ fi figbe ta.

"Àdúrà ti gbà!" ni ọ̀rẹ́ mi pariwo.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ sinmi, ọmọ náà sì ti dìyá ọlọ́mọ nílùú mìíràn. Èmi àti ìyàwó mi ló kù tí a ń kúnlẹ̀ sí pálọ̀, òun lápá ọ̀tún, èmi lápá òsì. Àràárọ̀ ni mo máa ń bi í léèrè, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kì í sì í níye. Láàárọ̀ òní, mo bi í, ó ronú títí. Ó ní, "Tòní, kò sí nǹkan kan. Ṣáà bá mi dúpẹ́." Mo bá a dúpẹ́. Kí n tó ṣe àmín, ó ti dá orin.